A Dúpẹ́, Kò Sí Ìṣòro

Ìbéèrè kan wà lójú ìwé kẹta fọ́ọ̀mù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń bèèrè kò ju èyí lọ: ìṣòro wo ló wà nílé tí kò ní jẹ́ kí àwọn òbí lè rán ọmọ yìí nílé ìwé? Wọ́n fi ìlà mẹ́fà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè rí àyè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni bàámi lò, wọn ò tilẹ̀ lò ó tán.

Àkúrẹ́ là ń gbé, àmọ́ ọmọ Ìpógun ni bàámi. Dírẹ́bà ni wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Alágbàká fún ọdún gbọọrọ, wọ́n sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ kéèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ oṣù lọ. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé girama ni ojú wọn ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha òpó géètì, ni ọ̀gá wọn bá ní kí wọ́n lọ tọ́jú ara wọn. Dókítà sọ pé ti òsì náà ń bọ̀ wá tẹ̀lé e. Wọn ò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á sì jáde nílé lásìkò iṣẹ́. Bí aládùúgbò bá kí wọn pé, "Bàbá, iṣẹ́ ńkọ́?" wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Màámi ló ń bọ́ wa. Wọ́n ń lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìjàrè àti Ìpógun wá tà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ní fìrísà kan lójúde tí wọ́n fi ń ta ẹja.

Nígbà tí orúkọ mi jáde pé ilé ìwé gíga kan ní Oǹdó ti gbà mí, màámi jó. Ìwé owó tó tẹ̀lé e ló dá ijó náà dúró. Nílé wa, a rò pé owó ilé ìwé ni owó ilé ìwé: èèyàn á san án, ọmọ á sì wọlé. A ò mọ̀ pé owó kan wà téèyàn á kọ́kọ́ san láti fi sọ pé òun gba àyè tí wọ́n fún òun, àti pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, àyè náà lọ nìyẹn. Owó ilé ìwé gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e. Owó ibùsùn ní họ́sítẹ̀lì wà lọ́tọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí á san ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lè fi orúkọ mi sí ibùsùn kankan. Wọ́n tún fẹ́ owó mìíràn tí wọ́n á mú dání nítorí ohun tí mo bá bà jẹ́. Bí mi ò bá ba nǹkan kan jẹ́, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Màámi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà.

"Ọmọ tí kò tíì débẹ̀," ni wọ́n wí, "wọ́n ti mọ̀ pé ó máa fọ́ nǹkan."

Ara pátákó ìkéde ilé ìwé náà ni mo ti rí ìrètí. Ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun gbé owó sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí agbára ilé wọn kò gbé e. Ẹni tó bá rí i gbà, owó náà á bá a san owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ àti ti ibùsùn. Owó àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló máa kù fún wa, màámi sì lè wá ìyẹn. Bí a ò bá rí i, mi ò mọ ibi tí ìyókù ti máa wá, ó sì ṣeé ṣe kí n pàdánù àyè náà pátápátá. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo gbé e délé bí ẹni gbé ẹyin. Òbí ló gbọ́dọ̀ kọ ojú ìwé kẹta, kó sì fọwọ́ sí i.

Bàámi mọ ìwé kọ. Lẹ́tà wọn máa ń jókòó lórí ìlà, kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó rẹwà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí wọ́n palẹ̀ tábìlì mọ́ fún àwọn. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́, kí n máa bá wọn kọ ọ́, nítorí ojú wọn. Wọ́n bi mí pé ta ni bàbá nínú èmi àti àwọn. Ojú kan tó kù fún wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sún un mọ́ imú bí ẹni ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kì í sínú àpò ìwé, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Àánú wọn ṣe mí. Mo rò pé ìtìjú ohun tí wọ́n kọ ni wọn ò fẹ́ kí n rí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Obìnrin àgbàlagbà kan ni mo bá ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ya àpò ìwé náà, wọ́n sì kà á títí dé ojú ìwé kẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé dírẹ́bà ìjọba ni bàbá rẹ, oníṣòwò ni màmá rẹ," ni wọ́n wí. "Níbi tí a ti ní kí wọ́n sọ ìṣòro wọn, wọ́n kọ ọ́ pé, 'A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí ìṣòro.'"

Gẹ̀ẹ́sì bàámi dán mọ́rán, òun ni wọ́n sì fi kọ gbogbo ìyókù. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n fi Yorùbá kọ.

Obìnrin náà wò mí. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Orúkọ bàámi wà nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Kí n wá jókòó níwájú àlejò, kí n sọ pé bàbá mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé ojú wọn ń fọ́ lọ, pé ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n ń lọ̀? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò tíì gbé ìwé náà kúrò níwájú wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n sì tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní, pé wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

"A dúpẹ́, mà," ni mo wí.

Wọ́n mi orí, wọ́n sì gbé ìwé mi lé orí òkìtì ìwé tó wà lápá òsì, ti àwọn tí wọn ò ní fún lówó.

Inú bí mi sí bàámi láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Mo to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu, kíkan kíkan ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo délé, wọ́n jókòó sójúde, wọ́n ń yí ojú wọn òsì tẹ̀lé ìró ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbà ọ́ dáadáa?" Mo ní, "Dáadáa, sà." Ọ̀rọ̀ tí mo tò kú sí mi lẹ́nu, torí mo mọ̀ pé bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ tèmi ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Bàámi kò purọ́, lójú tiwọn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, ẹni tó bá bi ọ́ pé ṣé kò sí ìṣòro, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí o ka ìyà rẹ fún un. Kò sí ni èsì rẹ̀. Òkú lè wà ní ìyẹ̀wù kí baálé ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní a dúpẹ́. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìṣòro, ìṣòro náà lè yà wá jókòó tì í. Ìkíni ni wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù náà ń kí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn bí ọmọlúàbí.

Màámi ni mo sọ fún. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò bá bàámi jà. Wọ́n kàn ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," mi ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú àwa méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ta fìrísà. Nígbà tí mo ń sunkún lórí rẹ̀, wọ́n fi ẹnu Àkúrẹ́ wọn dá mi lóhùn pé, "Ọmọ tí a ò bá kọ́ ló máa gbé ulé tí a kọ́ tà. Fìrísà kọ́ ni ulé." Owó rẹ̀ san owó àkọ́kọ́, ó sì bu díẹ̀ lára owó ilé ìwé; owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni màámi fi ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Kò kan ti ibùsùn. Ọjọ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá yàrá kiri ìgboro Oǹdó nìyẹn. Àwọn tó ń bá èèyàn wá ilé fẹ́ owó ọdún kan gbáko, wọ́n sì tún fẹ́ owó ẹsẹ̀ tiwọn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe ìyá arúgbó kan fún mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé tán. Mo tẹ̀lé ìyá náà dé iwájú ilé wọn. Wọ́n ní báwo ni nǹkan ṣe rí nílé wa.

"A dúpẹ́, mà."

"A ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Mo ní báwo ni nǹkan ṣe rí?"

Mo la ẹnu láti tún un sọ, ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ojú bàámi, ṣẹ́ẹ̀tì, fìrísà, obìnrin tó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá sọ ọ̀rọ̀ ilé wa níta. Mo ń retí kí ilẹ̀ lanu. Ìyá náà kàn yọ kọ́kọ́rọ́ lára gèlè, wọ́n ní kí n máa pọnmi, kí n máa gbálẹ̀, kí màámi máa fi owó ránṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń rí i. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé títí mo fi jáde. Wọn ò rọrùn o. Ọmọ tó bá fi iná sílẹ̀ láìpa, wọ́n á bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ń san owó iná náà. Ṣùgbọ́n wọn ò gba àsansílẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàámi ò bi mí ìdí tí wọn ò fi fún wa lówó náà. Wọ́n kàn mọ̀ pé fìrísà ti kúrò lójúde, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ wá a tì.

Lọ́dún yìí, orúkọ àbúrò mi obìnrin jáde láti ilé ìwé kan náà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Àkúrẹ́, owó oṣù mi ò sì tó ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Àbúrò mi gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ wálé. Ìwé náà ti yàtọ̀, àmọ́ ìbéèrè yẹn ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́fà rẹ̀. Ojú bàámi méjèèjì ti lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní kí n ka ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ìṣòro fún àwọn.

Mo kà á.

"Nígbà tìẹ, kí ni mo kọ síbẹ̀?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ohun tí obìnrin náà bi mí, àti èsì tí mo fún un lẹ́ẹ̀mejèèjì.

"O ò sọ fún wọn," ni bàámi wí.

"Mi ò sọ, sà."

"O bò mí láṣìírí." Wọ́n na ọwọ́ sórí tábìlì. "Ó ná wa ní fìrísà. Ẹ fún mi ní báírò."

Mo fẹ́ sọ pé kí n bá wọn kọ ọ́, mo gbé e mì. Àbúrò mi di ọwọ́ wọn mú, ó gbé e lé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé: Ojú mi méjèèjì ti fọ́. Mi ò níṣẹ́ mọ́. A ò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ran ọmọ mi lọ́wọ́. Orí ìlà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí lẹ́tà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Omi dúró sí mi lójú, mo sì jẹ́ kó dà.

"Ṣé ó hàn?" ni wọ́n bi wá.

"Ó hàn, sà."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ti kúrò lórí ìwé, orí tábìlì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èmi ni mo bá wọn kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Ti orí tábìlì ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì nù ún.