Ọ̀pá Ìjánu Tísà Lánípẹ̀kun

Gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Tísà Lánípẹ̀kun gbé àga rẹ̀ sáàárín díákónì méjì tó ń jà. Lórí ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun ṣọ́ọ̀ṣì ni: ọ̀kan ní funfun, èkejì ní búlúù. Àwọn alátìlẹyìn ti ń ká apá aṣọ sókè nígbà tí Tísà, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí físíìsì kíkọ́, wọ́ àga onírin rẹ̀ la yàrá ìpàdé kọjá, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì panu mọ́.

"Tísà, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni pásítọ̀ bi í.

"Èmi ni ọ̀pá ìjánu. Mò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn mì. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Ta ló fẹ́ máa bú ẹlòmíràn gba orí àgbàlagbà tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni ń lo oògùn? Ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọ̀ mílíìkì ni wọ́n padà fi kun ṣọ́ọ̀ṣì.

Tísà kì í dúró kí ènìyàn béèrè kó tó ṣàlàyé. Níbi tí wọ́n ti ń fi átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná, eérún kékeré kan á lu átọ́ọ̀mù kan fọ́; ìyẹn á tu eérún méjì mẹ́ta jáde, àwọn náà á sì lọ fọ́ òmíràn. Ọ̀pá ìjánu ni wọ́n ń kì bọ àárín rẹ̀ kó má di wàhálà. Kì í jà, kì í wáàsù, ó kàn ń gbé eérún mì ni. Bí o bá sọ fún Tísà pé ẹyin lohùn, á ní irọ́ ni. "Ẹyin fọ́, ó parí. Átọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀. Bó bá fọ́, á bí méjì."

Ẹni tó bá lo ọ̀pá ìjánu bó ṣe tọ́ nínú gbólóhùn, Tísà á dìde pàtẹ́wọ́ fún un, ìbáà jẹ́ lójú títì. Kareemat, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, gba tirẹ̀ nígbà tó sọ pé, "Ìyá ọkọ mi ni ọ̀pá ìjánu ilé wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá rìnrìn àjò ni èmi àti Bàbá Lásúnkànmí máa ń jà."

Ellen, ìyàwó Tísà gan-an, kò gba àtẹ́wọ́ náà rí. Bó bá ní, "Ẹ bá mi fi ọ̀pá ìjánu sí ọbẹ̀ yìí, ata ti pọ̀ jù," Tísà á mi orí. "Omi lò ń wá, Ellen. Omi ló ń tu ohun tó ti gbóná lára. Àtiràn iná ni ọ̀pá ìjánu ń dá dúró."

Ní Ìpẹ̀rú, ó kó sáàárín ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń jà, ìgbátí ọ̀kan nínú wọn sì bà á. Ó wọlé tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú.

"Ṣebí gbígbé mì lẹ ní ẹ ń gbé e mì?" ni Ellen wí bó ti ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

"Mo gbé e mì. Eyín mi kan bá a lọ."

Ellen rẹ́rìn-ín títí, kó tó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ibi tí gbogbo ohun tí ọkọ òun ń gbé mì ń lọ. "Ọ̀pá náà máa ń gbó," ni Tísà wí. "Bó bá gbó, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Ọdún tó kọjá ni Tísà kú. Erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi gbé ìjà kalẹ̀. Ọládayọ̀ ní Èkó lòun ń mú Màmá lọ. Hephzibah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ìbàdàn ni, lọ́dọ̀ òun. Kò sẹ́ni tó bi Màmá. Láti ìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ku ọ̀la, àwọn méjèèjì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nílé Tísà, wọn kì í fi ìjà ṣí Ọjọ́ Ìsinmi, Sátidé tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti jinná, aṣọ gbọ́dọ̀ ti wà ní lílọ̀, ìjà gbọ́dọ̀ ti parí. Ara Ellen ò lélẹ̀. Ó ń wo fèrèsé, ó ń wo ojú àwọn ọmọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá tú ká báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin òun ni wọn yóò tún jọ wọlé.

"Màmá ti dàgbà kọjá ẹni tó ń dá gbé," ni Ọládayọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ ẹ wá ni wọ́n máa gbé? Lọ́dọ̀ ìyàwó tí kì í gbélé?"

"Sister mi, ẹ má pe ìyàwó mi sí i o! Ẹ̀yin tí ẹ ò rí àyè wá wo Dádì lórí àìsàn!"

"Èmi? Èmi ni mi ò wá wo Dádì?"

Ellen ń wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí méjì. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, wọ́n gbọ́ ariwo irin tó ń ha ilẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì sì dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ariwo àga yẹn nínú ilé náà. Ó gbé e sáàárín wọn, ó jókòó, ó panu mọ́.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?" ni Ọládayọ̀ bi í.

Ọládayọ̀ na ọrùn gba ọ̀tún Màmá láti wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Hephzibah na ọrùn gba òsì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú wọn, èkejì sì gbà á.

"Ìkẹ́nnẹ́ ni mo máa gbé," ni Ellen wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n wà níbi tí ẹ̀yin méjèèjì á ti máa bá mi. Wọn kì í ṣàdédé fa ọ̀pá ìjánu yọ nígbà tí iná ṣì ń ràn."

Ọládayọ̀ dìde, ó pàtẹ́wọ́. Hephzibah náà dìde, tòun ti omijé, ó pàtẹ́wọ́.

Ellen sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dá orin, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n kí orin náà tó gba ẹnu rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bóyá yóò rí ẹnì kẹta tó dìde láti pàtẹ́wọ́ fún òun.