Ìwádìí Tó Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń rí mi lára!

Mo kàwé saikọ́lọ́jì, ọ̀gá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà ní yunifásítì sì gbà mí síṣẹ́ ìwádìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ju àwọn tó wà lọ́dọ̀ òbí wọn lọ. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ìyá ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá àgbà l'Ómù-Àrán. Èmi ni mo lọ bi àwọn ọmọ léèrè nílé ìwé.

A ṣe ìṣirò tó máa ń fi hàn bóyá ìyàtọ̀ jẹ́ òótọ́ àbí ó kàn ṣèèṣì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé kò yẹ kó tán síbẹ̀?

Ọ̀gá ní rárá o, ta ló máa tẹ ìyẹn jáde? Ó ní kí n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, kí n ya obìnrin sọ́tọ̀. Òfo. Mùsùlùmí àti Kristẹni ńkọ́? Òfo! Ó tún ní ká yọ àwọn ọmọ tára wọn balẹ̀ jù. Ẹ gbà mí o! Nígbà tó yá, nǹkan yọjú láàárín àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń sọ̀kò sí igi máńgòrò látàárọ̀, ṣé ọ̀kan ò ní já bọ́ ni?

Ó wá lọ síbi ìpàdé àwọn òbí, ó ní ìwádìí ti fi hàn pé gbígbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ń kó ẹ̀rù sọ́mọ lára. Kò dárúkọ àbígbẹ̀yìn, kò dárúkọ obìnrin. Ìríra gbáà!

Obìnrin kan tó ti Ìlọrin wá bú sẹ́kún, ó ní òun máa mú ọmọkùnrin òun lọ. Màmá rẹ̀, tó ti ń tọ́ ọmọ náà látìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú, kàn yíjú sí ọmọ tó jókòó tì í.

“Àkànní, ṣé mo máa ń dẹ́rù bà ọ́ ni?”

Ọmọ náà mi orí pé rárá. Mo dìde, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ kan ọmọkùnrin rárá. Obìnrin náà bi mí bóyá mo mọ̀ ju Dókítà lọ ni. Ó mú ọmọ wọ mọ́tò Ìlọrin. Ọ̀gá lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá ní ìwádìí ti fi hàn, ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló dán an wò kó tó fi hàn. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ sọ tiyín fún wa. Kẹ́ ẹ sì bá mi wá èsì kan: mo pàdé màmá yẹn lánàá, ó bi mí pé kí lòun fi ṣe ọmọ náà.