Ògiri tí Baba Bíríkìlà Rẹ́

Bí ẹ bá rí bàbá arúgbó kan tó kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ògiri, ẹ má pe ọlọ́pàá. Baba Bíríkìlà ni. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ilé ìjọsìn ayé ọjọ́un tí kò fẹ́ dé. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ló ń gbé e kiri nínú mọ́tò, ojú sì máa ń ti ọmọ náà, torí bí bàbá bá ti wọlé báyìí, á ké tòò pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Bàbá mi, ta lẹ ń kí? Kò mà sẹ́nì kankan níbí."

"Àwọn tó kọ́ ọ ni. Wọ́n ti kú, iṣẹ́ wọn ò kú. Wo igun yẹn! Kò sí ẹ̀rọ, kò sí kọ̀ǹpútà, ó gún régé. Háà! Àwọn èèyàn ti ṣiṣẹ́ láyé yìí o!"

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ń yẹra fún: èyí kékeré, olókùúta, tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ogójì ọdún ló fi yẹra fún un. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó o, ó ní káwọn yáa lọ wò ó kó tó pẹ́ jù. Bàbá wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Ẹ gbọ́, ibẹ̀ rẹwà! Fèrèsé gígùn mẹ́fà, igi àjà tí wọ́n há mọ́ra láìsí ìṣó kan, àtẹ̀gùn òkúta tí ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn ti jẹ láàárín. Ṣùgbọ́n ògiri apá ọ̀tún wú, sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ ń bó, omi ń sun níbẹ̀. Ìyá àgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìjọ na ọ̀pá sí i.

"Ògiri yìí ti jẹrà. Àwọn tó kọ́ ọ ò mọ iṣẹ́. Lọ́la la ó wó ṣọ́ọ̀ṣì yìí."

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá lọ́kàn. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n bú, ì bá sàn. Òkú aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń bú. Bó bá dákẹ́, ilé á lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń fi í yangàn kiri á gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọ́n mọ iṣẹ́. Èmi ni ò mọ̀ ọ́n. Ẹfun àti iyanrìn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, kí omi tó bá wọnú òkúta lè rọ́nà jáde. Èmi ni mo ha á dànù nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo fi sìmẹ́ńtì dí i pa. Mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ ni. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Òkúta yẹn ò jẹrà, mà. Èmi ni mo ṣe é báyìí."

 Ojú ti bàbá débi pé kò lè wo ọmọ rẹ̀.

 Ìyá àgbà wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú jáde.

"Ẹni tó dì í ni yóò tú u. Bí òkúta bá ti jẹrà lábẹ́ ẹ̀, a ó wó o. Bí kò bá jẹrà, ẹ̀yin lẹ ó bó gbogbo ẹ̀."

Bàbá gba òòlù àti irin náà. Ọmọ rẹ̀ wá, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sìmẹ́ńtì já lulẹ̀ gbì. Òkúta tó wà lábẹ́ ẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó pé pérépéré, ipa irin àwọn tó gbẹ́ ẹ ṣì hàn lára ẹ̀ ketekete. Bàbá gbé iwájú orí lé e, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìyá àgbà fọwọ́ pa òkúta náà.

"Ẹ nujú o jàre, Bàbá," ló wí. "Ògiri yìí gùn."