Ìyá Ilé Wà: Èsì Tí Bàbá Ṣadé Ṣèlérí

Ó di ìgbà kan ná, Bàbá Ṣadé. Ó di ọjọ́ tí Olúwa bá fẹ́. Ọkọ mi, olówó orí mi, ọmọ Kàbà tó fi Lọ́kọ́jà ṣe ilé, ọkùnrin tó mọ ìwé, tó mọ Ọlọ́run, tí kò sì mọ ibi tí a ń gbé iyọ̀ sí nínú ilé ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n o ti ṣèlérí kan fún àwọn ènìyàn lórúkọ mi kí o tó lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè mú un ṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má wo ẹnu mi pé mo ń pe ọkọ mi ní “ìwọ”. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa. Mi ò ní torí pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú kí n wá sọ ara mi di àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún àwọn tí kò bá a jẹun rí. Gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́, omi ló ń yẹ̀ wò fún ìjọba ní Lọ́kọ́jà yìí. Á bu omi odò sínú ìgò, á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á wá sọ ohun tó bá nínú rẹ̀ fún àwọn tí yóò mu ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi, á lọ ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Crusher, ohùn rẹ̀ á sì dé ìta. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ìgò mọ́, àwọn àlejò wa ló wá ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá yà kí wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á gbọ́ nípa ìràwọ̀, á gbọ́ nípa ìwé tuntun tó ń kà, á gbọ́ nípa ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, títí tíì tó mú dání yóò fi tutù. Ṣadé, ọmọ wa, ló ṣàánú àwọn ènìyàn, tó bá a ṣí búlọ́ọ̀gù sórí ayélujára. Bàbá Ṣadé sọ ọ́ ní Létí Odò, ó sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá, torí ó ní àwọn ará ilé wa náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀.

Mo rántí àròkọ àkọ́kọ́ tí o kọ síbẹ̀. O ní àwọn kan ń gbàdúrà sí omi kí wọ́n tó mu ún, èyí sì dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbàdúrà sí i tán, kí wọ́n tún sè é, torí pé Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà náà ló dá iná. O kà á sókè fún mi láti pálọ̀. Èmi wà ní kíṣíìnì, mo ń gún iyán. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àpèkọ kò sì tíì kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, “Kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni tó kọ èyí kò tíì se omi rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń sè é. Òun ń gbàdúrà sí i. Mo ti sọ tèmi. Ọbẹ̀ ti jiná.” O tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó jiná, o ní ènìyàn kì í yọ nǹkan kúrò nínú àpèkọ. O wá kọ “Ìyá Ilé” sí ìdí rẹ̀, o pa ẹ̀rọ dé, o dìde wá jẹun.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àròkọ kan tó jáde tí ọ̀rọ̀ Ìyá Ilé kò sí lábẹ́ rẹ̀. Èmi kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí, torí ojú mi kò fẹ́ràn ohun tó ń tàn. Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́, o kò sì fi ohunkóhun pamọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ni mò ń bá wí. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ àti sáyẹ́ǹsì, odò méjèèjì tó pàdé ní Lọ́kọ́jà lo máa ń fà wọlé, pé ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, èkejì ní tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ. Ó dára nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ bá mi bẹ Bàbá kó jẹ́ kí odò sinmi.” O tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o tún lo odò.

Ọdún tí odò fúnra rẹ̀ wá bá wa nílé ní Ganaja ńkọ́? Omi ti gun àtẹ̀gùn, àwọn aládùúgbò ń gbé fìríìjì, ìwọ ń gbé ìwé. O to ìwé sórí kọ́bọ́ọ̀dù, o to ìwé sórí àjà, o fẹ́ to ìwé lé mi lórí. Nígbà tí a padà dé, o kọ àròkọ tó gbayì nípa ohun tí ìwé ń ṣe fún ọkàn ènìyàn nígbà ìpọ́njú. Èsì tèmi kò gùn: “Ìkòkò mi ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ìwé rẹ̀ ń sùn lókè.” Inú rẹ dùn sí i ju àròkọ tìrẹ lọ, o sì ń kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Wọ́n bú ọ náà o. Àwọn kan ní ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kò gbọdọ̀ ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan ní ẹni tó ń ka irú ìwé tí o ń kà kò gbọdọ̀ dúró ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ. Òfin kan lo ní fún ayélujára: o kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tí ebi bá ń pa ọ́. Bí o bá jẹun tán, o máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò nílò èsì. Ẹni tó bú ọ jù lọ pe ara rẹ̀ ní Ìrẹsì Gbígbóná. O kọ̀wé sí i pé o ń gbàdúrà fún un, òótọ́ sì ni. Ní àdúrà àárọ̀ wa, lẹ́yìn Ṣadé àti ọkọ rẹ̀, á kan “Olúwa, rántí Ìrẹsì Gbígbóná, fún un ní àlàáfíà.” Pásítọ̀ wa bá wa níbi àdúrà lọ́jọ́ kan, ó ṣe àmín tó rinlẹ̀, ó sì yíjú sí ọ̀nà kíṣíìnì.

Ìrẹsì Gbígbóná yìí kan náà ló dá ìjà tó gbé orúkọ rẹ jáde sílẹ̀. Ó kọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí Ìyá Ilé kankan. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dá gbogbo rẹ̀ kọ.” Kíá, àwọn ènìyàn pín sí méjì. Wọ́n ní kí o fi àwòrán mi hàn. Mo ní mi ò ní torí àwọn tí mi ò mọ̀ wé gèlè. O wá jókòó, o kọ àròkọ tí o pè ní “Ẹ̀rí Pé Ìyàwó Mi Wà”. O ní àwòrán lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ohùn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ìwé ìgbéyàwó pàápàá, ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́. O ní kí a wá ẹ̀rí dé ibi tí agbára wa bá dé, ibi tó bá kù, ìgbẹ́kẹ̀lé la fi ń dí i, torí pé a ò lè dúró kí ẹ̀rí pé tán kí a tó jẹun. Àròkọ náà dára púpọ̀. Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé mo ka ẹ̀rí náà, kò sì dá èmi gan-an lójú mọ́ pé mo wà.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ganaja, mo ń lọ ra ẹja ní Old Market. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó lápá ọ̀tún mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lápá òsì, àríyànjiyàn tí wọ́n ń ṣe kọjá lórí itan mi. Ọ̀kan ní Ìyá Ilé wà, èkejì ní kò sí. Nígbà tí wọ́n pariwo sí mi létí tó, mo ní, “Ó wà.” Èyí tí kò gbà bi mí pé, “Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?” Mo ní mo mọ ọkọ rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ ra ẹja mi. Nígbà tí mo sọ fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú ọ. O kọ ọ́ sórí Létí Odò lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ. Mo wà ní Kàbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí orúnkún ń dà láàmú. O kọ àròkọ kan, o béèrè nínú rẹ̀ pé nígbà tí a kò bá rí ènìyàn mọ́, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kí ló kù tí a fi lè sọ pé ó wà? Àyè tèmi ṣófo lábẹ́ rẹ̀. O wá kọ síbẹ̀ fúnra rẹ pé, “Ìyá Ilé lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kàbà. Ẹ ní sùúrù, èsì rẹ̀ ń bọ̀.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àga rẹ, ìwé wà lórí itan rẹ. Wọ́n ní ojú rẹ dà bí ti ẹni tó sùn lé oúnjẹ.

Láàárín àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò lọ. Ó kí mi bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kí ni, ó ní, “Okun o, màmá. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ilé?” Mo ní èmi ni. Ó ní òun ni Ìrẹsì Gbígbóná. Ó ní, “Bàbá kọ̀wé sí mi pé àwọn ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.” Mo ní, “Mo ti ṣe àmín sí orúkọ rẹ títí ó fi sú mi.” Ọkùnrin náà bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn, èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nínú ilé ọ̀fọ̀ mi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní àwọn kan ti ń sọ ọ́ lórí Létí Odò pé ọ̀rọ̀ ti parí, bí Bàbá ti kú ni Ìyá Ilé náà dákẹ́, ẹnì kan náà ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Màmá, Bàbá ní èsì yín ń bọ̀.”

Mi ò bìkítà bí wọ́n bá ní mi ò sí. Mo ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n o kò fi irọ́ sórí búlọ́ọ̀gù yẹn rí, Bàbá Ṣadé, mi ò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀ di irọ́ nítorí mi. Ṣadé ní òun á bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ èyí lórí ẹ̀rọ rẹ, ìka kan ṣoṣo, bí ọmọ ilé ìwé tó ń wá lẹ́tà. Bí a bá sin ọ́ tán, bí ó ṣe wà nínú ìwé yìí ni mo máa gbé e sórí Létí Odò.

Ó yá, èsì mi nìyí. O ti dáhùn ìbéèrè rẹ, o kò kàn mọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí o kọ ọ́, o kò rí mi, fóònù mi kò sì lọ torí pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síbẹ̀ o kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé èsì mi ń bọ̀. O kò fi “bóyá” sí i. Ìwọ tí o máa ń fi “bóyá” sí ohun gbogbo, tó fi dé orí òjò tó ti ń rọ̀ sí wa lórí. O mọ̀ mí, ìyẹn sì tó ọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ibo ni Bàbá Ṣadé wà, èmi náà kò ní fi “bóyá” sí i. Mà á ní ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá rẹ̀. Mà á ní kí wọ́n ní sùúrù.

Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Láàárọ̀ òní mo gbé omi kaná, mo sè é, mo dúró de ẹni tí yóò gbàdúrà sí i. Nígbà tí n kò gbọ́ ohùn, mo gbàdúrà sí i fúnra mi. Mo dárúkọ Ṣadé, mo dárúkọ ọkọ rẹ̀, mo dárúkọ Ìrẹsì Gbígbóná, mo wá dárúkọ rẹ.

Mo ti sọ tèmi. Ọbẹ̀ ti jiná. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi, má dìde. Sùn, kí o sùn re.

Ìyá Ilé