Ohun tí Wàsílátù fi pa mọ́ fún Bàbá Àrìmíyàù

Ọdún méjìlá ni èmi àti Wàsílátù ti jọ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní ọjà Adjamé, ní Abidjan. Òun ń ta ike, èmi Jẹ̀mílà ń ta bàtà ọmọdé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wá láàárín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Obìnrin tí kò lè rí ẹni tó ń sunkún kó má bá a sun ún ni. Bí oníbàárà bá sọ pé ibà ń ṣe ọmọ òun, Wàsílátù á dín owó fún un, á tún fi abọ́ kan ta á lọ́rẹ. Mo máa ń sọ fún un pé àánú ni yóò kó ọjà rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kìíní ọdún ni ọmọ rẹ̀, Mustaqeem, tó ń lọ sí yunifásítì ní Cocody, bi í léèrè níṣojú mi: "Maman, ta résolution, c'est quoi? Kí lẹ máa ṣe lọ́dún yìí tẹ́ ẹ ò ṣe léṣìí?"

Wàsílátù ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ní gbogbo Alámísì, òun máa lọ ṣe ògbufọ̀ lọ́sibítù fún àwọn àgbàlagbà wa tí kò gbọ́ Faransé. Lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Mùsùlùmí, January lo wá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ sí? Muharram ńkọ́?"

"Jẹ̀mílà, ẹni tí ara ń ni ò bèèrè oṣù."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mo kàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọsibítù ni ìyá rẹ̀ kú sí, nígbà tí Wàsílátù ṣì wà nílé ọkọ ní Bouaké. Ìyá náà ò gbọ́ Faransé. Wọ́n ń nàka sí ikùn wọn, ẹni tó ń tọ́jú wọn sì rò pé ebi ló ń pa wọ́n, ló bá gbé búrẹ́dì fún wọn. Búrẹ́dì yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn Wàsílátù títí dòní.

Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, ó mú un ṣẹ. Bó bá ti di ọ̀sán Alámísì, á da aṣọ bo ike rẹ̀, á ní kí n máa bá òun wò ó, á sì wọ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré wọn níbí, lọ sí ọsibítù. Kò tó oṣù méjì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pè é ní Tantie Traduction, Àǹtí Ògbufọ̀. Ó ń bá àwọn ìyá wa sọ ibi tó ń dùn wọ́n, ó ń là á yé wọn bí wọ́n ṣe máa lo oògùn. Inú mi ń dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sọ ọ́.

Oṣù Mars, oṣù kẹta ọdún, ló pàdé Bàbá Àrìmíyàù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Koumassi Remblais ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èdè Jula yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Faransé ọjà lásán ni wọ́n gbọ́, Faransé dókítà sì yàtọ̀. Ìyàwó wọn ti kú, wọn ò bímọ. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Ràyhánà, tó tọ́ wọn dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, tó sì ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti fojú kan ara wọn. Ohun tí Bàbá ń fẹ́ kò ju kí wọ́n rí ẹ̀gbọ́n wọn kí ọlọ́jọ́ tó dé.

"Àjò kì í dùn kónílé má relé," ni wọ́n máa ń wí. "Èmi ti jẹ́ kí tèmi dùn jù."

Ọ̀nà ti là. Kassim, tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Nàìjíríà, ti ní òun máa gbé wọn síwájú ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Jímọ̀ ni yóò sì gbéra. Bàbá ti di báàgì wọn. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ èsì àyẹ̀wò ní Alámísì ná.

Dókítà Alice, ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́ kan, wo ìwé èsì náà títí, ó wá yíjú sí Wàsílátù. "Le foie est fini, Tantie. On ne peut plus rien faire." Ẹ̀dọ̀ Bàbá ti bàjẹ́, kò sí ohun tí oògùn lè ṣe sí i mọ́. Ó ní bóyá ó ku oṣù kan. Ó ní bí ibì kan bá wà tí Bàbá fẹ́ lọ, kí wọ́n lọ báyìí, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn.

Bàbá ń wo ẹnu Wàsílátù. "Kí ni dókítà wí, ọmọ mi?"

Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín. Ta ló kọ́ èwo nínú wa pé ká wo ojú àgbàlagbà, ká sọ fún un pé ikú ti dé? Nílé wa, bí aláìsàn bá ń kú lọ, a ó ní ara ti ń balẹ̀. Bí ó bá kú tán, a ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó wà lókèèrè pé ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Ìwà ọmọlúàbí la pè é. Wàsílátù sì lẹ́kọ̀ọ́.

"Dókítà ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kẹ́ ẹ máa lo oògùn yín. Díẹ̀díẹ̀ ni ara á máa le."

"Il a compris?" ni dókítà bi í, pé ṣé ó ti yé Bàbá.

"Oui, docteur. Il a compris."

Bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní Alihamudulilai.

Nígbà tó padà dé ìsọ̀ tó ròyìn fún mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kí ni mo sọ? Mo ní, "O ṣe é re. Àwọn dókítà wọ̀nyí ò tiẹ̀ lójú àánú." Ẹnu èmi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Bàbá pè. Wàsílátù ń fọ ike lọ́wọ́, ló bá ṣí fóònù sókè kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́.

"Wàsílátù, Kassim ti wà ní gáréjì o. Ṣé kí n bá a lọ, àbí kí n dúró kára le, kí n má lọ di ẹrù lé ẹ̀gbọ́n mi lórí? Ìwọ lo gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

Wàsílátù wò mí. Bó bá ní kí wọ́n lọ, wọn á bi í pé kí ni ìkánjú náà jẹ́, irọ́ àná á sì tú. Mo mirí fún un pé kó má jẹ́ kí wọ́n lọ.

"Ẹ dúró kára le, Bàbá," ni ó wí. "Lẹ́yìn Iléyá lẹ máa lọ."

"Ó dáa. Ọlọ́run á dá wa sí."

Kassim lọ láìsí wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ikùn Bàbá fi wú, tí ojú wọn pọ́n bí epo, tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Ojoojúmọ́ ni Wàsílátù ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ sí Koumassi. Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ kẹ́yìn, Bàbá kọ ẹ̀kọ náà. Wọ́n ní, "Wàsílátù, kí ni dókítà sọ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ tán pátá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn ní, "Báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn," wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ní Àtàláátà wọ́n jáde láyé, ilẹ̀ Abidjan níbí la sin wọ́n sí kí a tó kírun Àsàrì.

Fóònù Bàbá wà lọ́wọ́ Wàsílátù. Aziz, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ti pè láti ilé pé ká jọ̀ọ́, ká má sọ fún Ìyá Ràyhánà, pé àgbà ti dé sí wọn, ká ní Bàbá ṣì ń gbàtọ́jú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo tún fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, nínú ìsọ̀, Ìyá Ràyhánà pè fúnra wọn, Wàsílátù sì ṣí fóònù sókè.

"Àrìmíyàù dà? Fóònù rẹ̀ kì í pẹ́ báyìí."

"Ìyá," ni Wàsílátù wí, "Bàbá ti kú. Àtàláátà ni."

A gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. Wọ́n wá ní, "Ó ní òun ń bọ̀ nínú ọkọ̀ kan ní Jímọ̀ ọjọ́sí. Mo ti gbálẹ̀ yàrá fún un. Ta ló dá a dúró?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kú lọ, mo ní kí wọ́n dúró."

Ìyá Ràyhánà sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ohùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló dá a dúró, ọmọ mi. Kì í ṣe ìwọ."

"Rárá, Ìyá. Èmi ni."

Mo jókòó tì í. Ó yẹ kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sọ fún Ìyá pé àwa méjèèjì ni. N kò gbà á.