Ọ̀rọ̀ Kan tí Mo Kọ́ Sáká

Gbì. Gbì. Gbì. Láti àárọ̀ ni Sanni, ọmọ ilé kejì, ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri wa ní Kawo, ní Kàdúná níbí. Kò bí mi nínú. Etí mi ti mọ ìró yẹn kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná tó pè é pé, "Sanni, dawo!" ni ife kókó ọwọ́ mi dànù sí mi lẹ́sẹ̀. Dawo, èdè Hausa ni. "Padà wá" ló túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Rábí tẹ̀ mí láago láti Ìlọrin pé àwọn ti sin ẹ̀gbọ́n òun, Sáká, ọmọ Álífà Búsàrí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sáká fún yín. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà náà, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju mọ́tò lọ ní Kawo. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku á bo gbogbo ìlú, ètè gbogbo wa á là, Ìyá Sẹ́tù tó ń ta òrí lẹ́nu ọ̀nà wa á sì di ọ̀rẹ́ gbogbo ayé. Lẹ́yìn ilé wa ni Bàbá Àjàdí, ará Ọ̀fà, kọ́ ilé tó ń kó àpò ẹ̀pà sí. Ògiri ilé náà nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ládùúgbò. Ògiri yẹn ni olùkọ́ mi.

Ilé-ìwé wa ń wá ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lápá òsì, nítorí Musa Tanko tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jáde. Ààyè kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni Ọlọ́run sì fún mi. Ti òsì dà bí igi ìdáná: bí mo bá fi gbá bọ́ọ̀lù síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, mo á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà bàbá mi kan tó ti gbó, tó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, kí n má baà lè fi gbá nǹkan kan. Mo á fi òsì sílẹ̀ lásán. Bọ́ọ̀lù rọ́bà, ògiri, èmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbọdọ̀ lọ kó sì bọ̀ láì kọjá mi. Bó bá kọjá mi ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, mo á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Èékánná méjì bọ́. Ará Ìbàdàn ni ìyá mi, Àsímáwù, òsì àti òṣì, ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́ ìwé, ìwọ ń kọ́ òsì!"

Ẹni tí Ọlọ́run fún ní òsì ni Sáká. Álífà Búsàrí fi àtòrì na ọwọ́ òsì yẹn títí tó fi gbà láti máa fi ọ̀tún kọ wàláà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí na ẹsẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti mú un wá, kò tíì lo sáà méjì ní Kàdúná, kò sì gbọ́ Hausa ju "sannu" lọ. Èmi tí wọ́n bí sí Kawo ni mò ń túmọ̀ ayé fún un. Òun náà ló bá mi nídìí ògiri lọ́jọ́ kan. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó wò mí títí, ó ní, "Ò ń bá bọ́ọ̀lù jà. Jẹ́ kó dé bá ọ. Fi ìka ẹsẹ̀ wo ilẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀, ààyè kan náà lòun náà ń wá! Mo sì mọ̀ pé Álífà ti sọ ọ́: bí orúkọ Sáká kò bá sí nínú àwọn mọ́kànlá sáà yẹn, yóò padà sí Ìlọrin lọ parí kéwú, kò sí ilé-ìwé mọ́.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá di ogún, ogún di ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí Sáká bá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan báyìí, mo máa ń rí i pé ibi tí mo fi oṣù mẹ́rin rìn dé, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa yàn wá, Sáká bi mí pé, "Jọ̀ọ́, kí ni 'dawo' tí Màlámù Bitrus máa ń pariwo yẹn?" Màlámù Bitrus ló ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, àfi bí ọ̀rọ̀ bá gbóná. N kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi kàn là ni. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni? Dáwọ́ náà ni. Bó bá ti ní dawo, kí o dáwọ́ dúró síbi tí o wà."

Sáká rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Áà! Àṣé Gàmbàrí náà ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa!"

Lọ́jọ́ kejì, Sáká ni wọ́n kọ́kọ́ fi sápá òsì, èmi ń wò lẹ́bàá ìlà; ó ti gbá góòlù kan wọlé kí àwọn yòókù tó làágùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí à ń bá gbá a gba bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sáré bọ̀ wá sídìí góòlù wa. Màlámù Bitrus ké sí i pé kó padà wá gbèjà: "Saka, dawo! Dawo!" Sáká dúró. Ó dúró ṣinṣin, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí Màlámù lè rí i pé òun gbọ́ràn. Bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Màlámù tún ké lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Màlámù gbà pé àfojúdi ni. Ó nawọ́ sí i pé kó jáde, ó sì nawọ́ sí mi pé kí n wọlé. A pàdé lójú ìlà. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Mo sáré kọjá lára rẹ̀. Mo gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì kọ orúkọ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Álífà máa mú un wọ ọkọ̀ ojú irin, Sáká wá bá mi nídìí ògiri. Ó mú bàtà bàbá mi nílẹ̀, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, ó nà án sí mi. "Wọ̀ ọ́," ó ní. "Má dáwọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàrin wa. Ṣé ó ti bi ẹlòmíràn ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, àbí ọwọ́ tí wọ́n dá mọ́ ọn ló fẹ́ lò kó tó lọ? Títí dòní, n kò mọ̀.

Ọdún méjì ni mo fi gbá apá òsì fún ilé-ìwé wa. Kò sí góòlù kan níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Nígbà tí ìlú wá dàrú, Òkè, ọmọ Ìgbò tó ń ṣọ́ góòlù fún wa, bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlà-oòrùn, òun náà kò dawo. Sáká di álífà ní Ìlọrin. Ní gbogbo ọdún Iléyá ló ń kí mi, lójú ìwé, lẹ́yìn náà lórí fóònù, ní gbogbo ọdún ni mo sì ń sọ fún ara mi pé ọdún yìí ni n óò jẹ́wọ́. Mo á ní, "Sáká, ọ̀rọ̀ kan wà." Òun á ní, "Kí ni?" Mo á ní kó bá mi kí àwọn ọmọ.

Wọ́n ti wó ògiri Bàbá Àjàdí. Afárá ńlá ti gorí Kawo, mọ́tò ń kọjá lókè bí ẹyẹ. Orúnkún ọ̀tún mi ti di ti ọ̀pá. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló ṣì le, òun ló ń gbé mi dé mọ́sálásí. Ohun tí ènìyàn bá fi ìyà kọ́ kì í kúrò lára. Ṣùgbọ́n ṣé ó tó? Bí mo bá ti sọ òótọ́ fún Sáká, ṣé ẹsẹ̀ yìí ì bá tó gba ààyè náà? Ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ lè wọ̀n ọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Sanni ti gbọ́ ti ìyá rẹ̀, ó ti wọlé. Ògiri dákẹ́. Èmi nìkan ló kù lórí àga, mo sì pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Sáká, dawo.

Ìtumọ̀ tí mo kọ́ ọ ni yóò gbọ́.