Ọjọ́ Tí Bàbá Onífèrè Sọ̀kalẹ̀

Onígbàjámọ̀ ni mí. Kò sí orí kan ní Ìsàlẹ̀ tí n kò mọ ibi tí kókó rẹ̀ wà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé òun mọ Bàbá Onífèrè jù mí lọ. Mo ti ń fá orí bàbá yẹn láti ìgbà tó dúdú títí ó fi funfun báláú. Mo mọ àpá tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí kì í fi í jẹ́ kí n gé irùngbọ̀n òun tán. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fẹ́ràn irùngbọ̀n náà.

Ìsàlẹ̀ là ń pe àdúgbò wa nítorí pé abẹ́ ìsédò ló wà. Ìsédò ni ògiri kọnkéré gàgàrà tí wọ́n fi dí odò lókè, kí omi tó kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀ lè máa yí ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, lórí òkè, ni ilé-ìṣọ́ kan wà, inú rẹ̀ sì ni fèrè ńlá wà. Iṣẹ́ Bàbá Onífèrè kò ju ọ̀kan lọ. Bí omi bá fẹ́ já, kí ó fa irin fèrè sílẹ̀, kí gbogbo ará Ìsàlẹ̀ lè sá gun òkè. Ó ṣe iṣẹ́ yìí títí ó fi hu ewú, omi kò já. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń gbowó oṣù lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Á ní, "Máa bá mi gbàdúrà kí n máa jẹ ọ̀fẹ́ lọ."

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ló da gbogbo nǹkan rú. Iléeṣẹ́ iná kó òṣìṣẹ́ wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, ó sì wá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni ìdajì wọn ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ náà ni àwọn kan gba òmìnira nílùú wọn. Ọjọ́ náà ni àwọn ará erékùṣù kan ń rántí ogun tí àwọn baba ńlá wọn ṣẹ́. Àwọn ìjọ tó ń bọlá fún Màríà ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Àwọn tíṣà ní ọjọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni fún gbogbo àgbáyé. Ọ̀kan tó ń fọwọ́ ra oríkèé fún àwọn aláìsàn ní kílíníìkì náà dìde, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ àwọn ni káàkiri ayé. Bàbá Onífèrè, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn, gbọ́ èyí, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọdún tèmi nìyẹn," ló wí. "Ẹ̀yin ẹ máa ṣe tiyín."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún àwọn tó kù. Ta ni yóò lo gbọ̀ngàn? Àsíá ta ni yóò kọ́kọ́ gòkè? Ní ọdún kan, wọ́n fi ìgò fọ́ ara wọn lórí, èmi ni mo sì fá irun yí ojú egbò ká kí nọ́ọ̀sì tó rí ibi rán. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ronú títí, ó ní àsíá kankan kò ní gòkè mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí fèrè ìsédò ké, kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ ọdún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè kò ní ìlú, kò ní ẹ̀sìn. Ìjà parí bí ẹni fi omi paná. Ohun tí kò sí ẹni tó rò ni pé ohùn kan ṣoṣo ni fèrè náà ní. Bí ó ṣe máa ké fún ayọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò ké fún ikú.

Ọmọ Bàbá Onífèrè ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, aránṣọ ni, ilé tó kángun sí odò ní Ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ìyá mi ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, oyún wà nínú rẹ̀, kò sì gbọ́ ìkéde. Bí fèrè ṣe ké, ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sáré gun òkè, ó yọ̀ ṣubú lórí òkúta. Oyún náà bà jẹ́. Bàbá jókòó sórí àga mi lọ́jọ́ kejì, kò ní irun tí a fẹ́ gé, ó kàn ń sunkún. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ènìyàn má bàa wọlé bá wa.

Lẹ́yìn èyí, ó pe ọmọ náà jókòó. Ó ní, "Ìyá mi, ní ọjọ́ yẹn, bí o bá gbọ́ fèrè, má sá. Èmi ni mò ń kí ọ. Jáde síta, kí o ju aṣọ sókè kí n rí ọ, kí n mọ̀ pé ara rẹ le."

Láti ìgbà náà, ní ọdọọdún, bí fèrè bá ti ké, Aránṣọ á jáde síwájú ilé, á máa ju aṣọ funfun kan sókè. Nígbà tó yá tó bí ọmọbìnrin, ọmọ náà ní aṣọ kékeré tirẹ̀. Gbogbo Ìsàlẹ̀ wá kọ́ ọ. Bí fèrè bá ké lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ijó la máa ń jó. Bàbá Onífèrè kì í sì í sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ọdún fún gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń dá a lápàárá.

Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Mò ń fá a lórí lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú abẹ.

"Onígbàjámọ̀, bí omi bá lọ yan ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá. Omi kò ní kàlẹ́ńdà."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó tọ Ọ̀gá lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ra agogo, kí wọ́n fi fèrè sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó pe ìpàdé. Ariwo ta. Àwọn tó fọ́ ìgò mọ́ ara wọn lórí nígbà kan ló di ọ̀kan, wọ́n ní fèrè ló parí ìjà, ẹni tó bá fẹ́ mú un kúrò ń wá ìjà. Àwa ará Ìsàlẹ̀ pàápàá ní bàbá ti darúgbó ni. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. A fi ẹnu ara wa kọ ohun tó fẹ́ gbà wá.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò kò dáwọ́ dúró lókè odò. Omi kún dé ètè ògiri. Àbàwọ́n tútù kan yọ ní ìdí ìsédò, ó fẹ̀ tó ẹní. Àwọn ẹnjiníà wá wò ó, wọ́n ní ògiri ń làágùn ni. Kànga ẹ̀yìn ilé mi, tí a máa ń fi okùn gígùn fà, ga débi pé ọmọdé lè bu omi rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, omi náà sì pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Aránṣọ sọ fún mi pé ilẹ̀ yàrá òun ń rin, pé bí òun bá gbé aṣọ lé e, á tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. A gbọ́ gbogbo rẹ̀. A ní òjò ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá wá gẹ irùngbọ̀n kó tó gun òkè lọ. Bí mo ṣe fi abẹ kàn án lọ́rùn, mo rí iṣan tó ń lù kìkìkì lábẹ́ awọ rẹ̀. Aránṣọ wọlé bá wa, ó gbé ọmọ pọ̀n, aṣọ tí àwọn olómìnira kan fẹ́ fi ṣọdún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́.

"Ìyá mi, gòkè lọ lónìí. Mú ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ lókè, kí ẹ sùn síbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

"Bàbá, iṣẹ́ wà nílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ń dúró. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Bí mo bá gòkè lọ, ta ló máa ju aṣọ sí yín?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ ni ọmọ fi dá a lóhùn. Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò dúró kí n fi lọ́fínńdà pa á lójú, bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀sán pọ́n, fèrè ké. Ìsàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń kọrin ní èdè méje-mẹ́jọ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ẹni tó ń ra oríkèé ń jó ní ojú títì. Mo ní oníbàárà kan lórí àga tí mo ti fá ìdajì orí rẹ̀, èmi àti òun ń mi orí sí i. Fèrè náà kì í pẹ́ kó tó dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò dákẹ́. Oníbàárà mi ní Bàbá ti mu nǹkan lónìí. Mo ní bóyá orúnkún rẹ̀ ló ń ṣọdún.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí ògiri ló sọ ìyókù fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní bí Bàbá ṣe fa irin fèrè ni òun rí i tí ògiri là láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tí omi ń tú jáde. Ó sáré lọ bá a nínú ilé-ìṣọ́, ó kígbe pé, "Bàbá, ó ti là! Ẹ fọn fèrè!" Bàbá ní, "Mò ń fọn ọ́n." Àwọn méjèèjì wo Ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ènìyàn ń jó. Ní ìdí odò, aṣọ funfun méjì ń fẹ́, ńlá àti kékeré. Bí fèrè ṣe ń pẹ́ sí i ni aṣọ náà ń lọ sókè sí i. Ẹ̀ṣọ́ gbé fóònù, kò wọlé, nítorí gbogbo ayé ló ń pe ilé láti kí wọn kú ọdún. Bàbá tún pe ọmọ rẹ̀ lórí tirẹ̀, kò wọlé. Ó tú ìgbànú ara rẹ̀, ó fi so irin fèrè mọ́lẹ̀ kí ó máa ké lọ, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó ń sáré bọ̀ lórí orúnkún burúkú yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú kó má bàa já bọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Bàbá ti wá bá wa jó!" Ojú rẹ̀ ni mo wò tí ẹ̀rín fi kú sí mi lẹ́nu. Àwọn àgbà ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bàbá Onífèrè wà níwájú mi. Fèrè ṣì ń ké lókè.

"Omi," ló wí, èémí kò jẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Omi ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo ju abẹ sílẹ̀. Oníbàárà mi sá jáde pẹ̀lú ìdajì orí. Ohun tí fèrè kò lè sọ fún wa mọ́, ìrísí bàbá yẹn ló sọ ọ́. Ibi tó bá ti kọjá ni ijó ti ń dúró, tí ìyá ti ń gbé ọmọ. Mo tẹ̀ lé e títí dé ìdí odò. Aránṣọ ṣì ń ju aṣọ sókè sí ilé-ìṣọ́, ó kẹ́yìn sí wa.

"Ìyá mi."

Ó yíjú, aṣọ wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo òkè. "Bàbá, ta ló ń fọn fèrè?"

"Gbé ọmọ. Sá."

Ó gbé ọmọ. Ó fẹ́ fa bàbá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọwọ́ kan, ṣòkòtò á bọ́, bàbá sì jágbe mọ́ ọn bí kò ṣe jágbe mọ́ ọn rí láyé. Ó tì í sí mi lọ́wọ́. Ó ní àwọn tó wà ní ilé òṣìṣẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti gbé orin sókè, wọn kò lè gbọ́ nǹkan, òun ń lọ síbẹ̀. Mo fà á lápá aṣọ. Ó ní, "Onígbàjámọ̀, mú ìyá mi lọ fún mi." Mo mú un lọ. Bí a ṣe dé ìdajì òkè ni a gbọ́ tí ògiri wó.

Púpọ̀ nínú àwọn ará ilé òṣìṣẹ́ yẹn ló jáde. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan ló já wọlé bá wọn, tó ń pariwo, tí ṣòkòtò rẹ̀ ti bọ́ dé ẹsẹ̀, kò dì í mú mọ́, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń tì wọ́n síta. Nígbà tí omi fà, a rí òkú rẹ̀. Fèrè kò dákẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń ké lórí ibi tí Ìsàlẹ̀ wà rí, kò sì sí ẹni tó láyà láti lọ pa á. Aránṣọ ló gun òkè lọ tú ìgbànú náà.

Wọ́n ti kó àwa tó kù sí orí òkè báyìí. Bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án bá pé, àwọn olómìnira ń ṣe tiwọn, àwọn ará erékùṣù ń rántí ogun wọn, ìjọ ń kọrin, tíṣà ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé, agogo ni wọ́n sì ń lù. Àwa náà ti ní tiwa lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin Ìsàlẹ̀ kankan kì í de ìgbànú. Ọwọ́ la fi ń di ṣòkòtò mú láti àárọ̀ títí alẹ́, níbi iṣẹ́, lójú títì, èmi náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ kan lórí ṣòkòtò, ọwọ́ kan lórí abẹ.

Àlejò tó bá rí wa a máa rẹ́rìn-ín. A kì í bá wọn bínú. Àwa náà rẹ́rìn-ín.